Ìwádìí Ilé Ọkọ Mi

Koríko ló kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ká ní bàbá ọkọ mi jókòó jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, tó ń wo bọ́ọ̀lù nínú tẹlifíṣọ̀n bí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, bóyá à bá ti ṣe ìgbéyàwó tó lójú. Àwọn ará ilé mi ì bá jókòó sí apá kan, àwọn ará ilé tirẹ̀ ì bá jókòó sí apá kejì, wọn ì bá sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe yẹ kí àna máa ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá yìí dìde, ó gbé ẹ̀rọ jáde, ó ń gé koríko iwájú ilé ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ di àlejò.

Chicago ni, lọ́dún 1984. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní apá àríwá ìlú. Inú yàrá kan ní Albany Park ni mò ń gbé, kò jìnnà sílé àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré. Mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí àgbà kan tó rí mi tí kì í béèrè ohun tí mò ń dúró dè. Nígbà tí mo wá rí ohun tí mò ń dúró dè, ẹnu ya gbogbo wọn.

Ọmọ Amẹ́ríkà ni. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tí wọ́n bí sí Chicago, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà sí Chicago. Bọ́ọ̀sì èrò ló ń wà. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ní sùúrù fún àwọn tó bá ń sáré lẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Mò ń sáré nínú yìnyín pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ funfun, mo ń ṣubú, mo ń dìde, awakọ̀ mìíràn ì bá ti gbéra. Òun dúró. Nígbà tí mo wọlé, ó ní, "Ẹ rọra, nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú wa, ẹ má fẹsẹ̀ rọ́." Ká ní ìyá mi wà láyé ni, yóò ní ẹni tó bá dúró deni nínú òtútù Chicago ti parí ìdánwò ọkọ, kí wọ́n fún un ní ìyàwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ló wà láyé. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: kó fọwọ́ sí i, kó sì ní kí Bàbá Kékeré kó àwọn ará ìlú wa tó wà ní Chicago wá síbi ìgbéyàwó, kí wọ́n dúró fún mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin tó lọ sílé ọkọ láìsí ẹni tó sìn ín lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé ọba ló wọ̀, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó ṣìnà wọlé.

Láyé ìgbà yẹn, àwa tí a wà lókè òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ lẹ́tà. Tẹlifóònù sílé sì dà bí ìgbà téèyàn ń bá òkú sọ̀rọ̀: wàá pariwo, ohùn ara rẹ nìkan ni wàá sì gbọ́. Inú káséètì la máa ń sọ̀rọ̀ sí, a ó sì fi rán ẹni tó bá ń lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn bàbá mi ṣe dé. Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ bí ẹni tí adájọ́ ń wò. Ó kọ́kọ́ wúkọ́.

"Ọmọ mi, mo gbọ́. Mi ò kọ̀, mi ò sì tíì gbà. A kì í fọmọ fún ilé tí a kò wádìí. Mo ti ní kí àbúrò mi lọ bá mi wo ilé náà, bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá àrùn burúkú wà níbẹ̀, bóyá olè wà níbẹ̀. Kó bá mi béèrè bàbá tó bí ọmọ náà, àti bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Bó bá dára, wọ́n á sìn ọ́ lọ tijó tayọ̀."

Inú mi dùn. Ìdílé tí mo ti jẹun lọ́dọ̀ wọn, tí mo ti sùn lórí àga wọn, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀ tí mi ò tíì rí?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n ń fẹ́ra wọn lónìí, tí wọ́n á kọ ara wọn lọ́la. Ìwádìí kì í ṣe ohun tí à ń bá onílé ṣe. Ta ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wèrè wà nílé òun? Aládùúgbò là ń lọ bá. A ó múra dáadáa kí wọ́n lè bọ̀wọ̀ fún wa, a ó rọra béèrè, ará àdúgbò á sì tú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, nítorí kò sí ohun tó dùn lẹ́nu aládùúgbò bí ọ̀rọ̀ ilé kejì. Ní ìlú wa, ọ̀nà yìí kì í tàsé.

Bàbá Kékeré wá gbé ọ̀nà ìlú wa lọ sí apá gúúsù Chicago.

Akáúńtántì ni Bàbá Kékeré, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wọ súùtì aláwọ̀ eérú, ó so táì, ó gbé báàgì ọ́fíìsì rẹ̀ dání. Kí ló wà nínú báàgì náà? Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ni. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ gbọọrọ síkorítà, ó fẹsẹ̀ rìn wọ títì tí ilé ọkọ mi wà, níbi tí a ti ń gba Calumet City lọ.

Ilé iṣẹ́ irin ńlá kan ló ń bọ́ gbogbo àdúgbò yẹn tẹ́lẹ̀. Lọ́dún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n tì í, àwọn ọkùnrin sì padà sílé wá jókòó. Bàbá ọkọ mi wà nínú wọn. Àwọn ilé kan ti ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ìjọba, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní wẹ́fíà. Ohun tí gbogbo àdúgbò sì gbà gbọ́ ni pé bí àwọn wẹ́fíà bá ti rí ọkùnrin tó lágbára nílé, owó oúnjẹ náà dúró nìyẹn. Nítorí náà, bí àjèjì kan bá wọ súùtì lọ́jọ́ Sátidé, tó gbé báàgì, tó ń béèrè ẹni tó ń gbé ilé ẹlòmíràn, lójú ẹsẹ̀ ni kò ní sí ọkùnrin nílé ẹnikẹ́ni mọ́. Títì náà á di títì opó.

Ilé ọkọ mi kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wẹ́fíà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró wádìí ìyẹn? Aládùúgbò rere kì í béèrè, irọ́ ló máa kọ́kọ́ bá ọ pa.

Òdìkejì títì ni obìnrin kan ń gbé, tó sanra, tó máa ń jókòó síwájú ilé rẹ̀ láti àárọ̀. Òun ni Bàbá Kékeré kọ́kọ́ bá. Bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn náà nìyí, Bàbá Kékeré kò sì lè jiyàn rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, màdámù. Mo fẹ́ béèrè nípa àwọn tó ń gbé ilé ọ̀ọ́kán yẹn."

"Ta ni nínú wọn?"

"Bàbá ilé."

"Bàbá wo? Kò sí bàbá níbẹ̀."

Bàbá ilé náà wà níwájú wọn kedere, ó ń ti ẹ̀rọ lọ, ó ń tì í bọ̀, òógùn ti mú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Ta wá nìyẹn?"

"Ẹni tó ń gé koríko."

"Mo rí i pé ó ń gé koríko. Mo ní ta ni?"

"Ẹni tó ń gé koríko ni, ọ̀gbẹ́ni. Bó bá gé e tán, á lọ."

"Bàbá ọmọ tó ń wa bọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́?"

"Mi ò rí bàbá kankan rí. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé títì yìí, bàtà ọkùnrin kò dé ẹnu ọ̀nà yẹn."

"Níbo ni wọ́n ti wá?"

"Wọn ò ti ibì kankan wá. Ibẹ̀ la bá wọn."

"Ṣé wèrè wà nínú ìdílé wọn?"

Obìnrin náà ní òun wò ó láti orí dé bàtà. "Ọ̀gbẹ́ni," ó ní, "Chicago la wà yìí. Ta ni orí rẹ̀ pé?"

Bàbá Kékeré kan ilẹ̀kùn bíi mélòó kan sí i, bí ọ̀rọ̀ náà sì ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn, torí obìnrin yẹn ti fi tẹlifóònù ṣíwájú rẹ̀. Bó ṣe ń padà lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó kọjá níwájú bàbá ọkọ mi, ó sì kí i. Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè, ó ń gé koríko rẹ̀ lọ.

Nígbà tó dé Albany Park, Bàbá Kékeré bọ́ táì, ó jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ, ó sì ránṣẹ́ sílé pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti débẹ̀. Ilé tí kò lọ́kùnrin ni. Kò sẹ́ni tó mọ bàbá ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá. Aládùúgbò wọn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé orí wọn ò pé. Ọkùnrin kan wà tó ń gé koríko fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sọ ohun tí mi ò rí." Ẹ ò rí bí olóòótọ́ èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀!

Ọjọ́ Sọ́ńdè kejì ni mo tó mọ̀. A jókòó ti oúnjẹ lọ́dọ̀ ìyá bàbá ọkọ mi, ìyá arúgbó tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Ńlá. Òun ló ni ilé tí gbogbo wọn jọ ń gbé. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, ó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jókòó kó tó jókòó. Búrẹ́dì àgbàdo wà nílẹ̀, ẹ̀fọ́ wà nílẹ̀, adìyẹ wà nílẹ̀. Aládùúgbò òdìkejì náà wá, nítorí kì í ṣìnà oúnjẹ Màmá Ńlá. Ó ń rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu.

"Ẹ ò mọ ohun tí mo gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀! Ará wẹ́fíà kan wá ní Sátidé tó kọjá. Súùtì! Báàgì! Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iyọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bàbá ilé dà? Mo ní bàbá wo?" Ó nawọ́ sí bàbá ọkọ mi. "Ìwọ ń gé koríko lójú wa níbẹ̀, bí aṣiwèrè!"

Bàbá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹni tó ń gé koríko! Ó kéré tán, o fún mi níṣẹ́ ṣe."

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ṣíbí mi ti dúró sáàárín àwo àti ẹnu. Nígbà tí aládùúgbò náà dé ibi pé ó tún béèrè bóyá wèrè wà nínú ìdílé, mo ti mọ ẹni náà, àfi bí ẹni pé mo rí i níbi tó ti ń tún táì ṣe.

"Kì í ṣe ará wẹ́fíà," mo ní. "Àbúrò bàbá mi ni."

Ẹ̀rín náà kò dá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣàlàyé ìwádìí, mo ṣàlàyé ohun tí bàbá mi ń retí, mo ṣàlàyé ìdí tí a fi ń béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń burú lẹ́nu mi sí i.

Màmá Ńlá nu ọwọ́. "Jẹ́ kó yé mi, ọmọ mi. Bàbá rẹ fẹ́ mọ ẹni tí a jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá Ńlá."

"Ó wá ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ eléyìí?" Ó fi orí tọ́ka sí aládùúgbò rẹ̀. "Eléyìí tí kò mọ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n o," ni aládùúgbò náà wí.

"Àṣà wa ni, Màmá Ńlá."

"Àṣà kí ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀?"

Ọkọ mi, tí kò tíì di ọkọ mi nígbà náà, kò wò mí. Búrẹ́dì ló ń wó sínú àwo rẹ̀ wẹ́wẹ́. Bàbá rẹ̀ dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan kan lóde. Ó dúró sórí koríko tó gé yẹn, ó dojú kọ títì, ó pẹ́ níbẹ̀. Ọdún díẹ̀ ṣáájú, ilé iṣẹ́ ti sọ fún un pé kò wúlò mọ́. Wàyí o, àna rẹ̀ tún ránṣẹ́ pé kò sí.

Lọ́jọ́ kejì mo ko Bàbá Kékeré lójú nílé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí ilé ni wọ́n ti kọ́ mi, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti béèrè ohun tó fi ránṣẹ́ sí bàbá mi. Ó sọ ọ́ fún mi.

"Ẹ̀yin lẹ ní ilé tí kò lọ́kùnrin ni? Ẹ rí bàbá rẹ̀ lójú ara yín! Ẹ kí i!"

"Mo kí i. Ó gbé ọwọ́ kan sókè. Ṣé bí onílé ṣe ń kí àlejò nìyẹn?"

"Ọwọ́ kejì wà lára ẹ̀rọ, Bàbá Kékeré."

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi akáúńtántì, ṣé o ti rí i kí n gé koríko ilé mi rí?"

"Ẹ ò ní koríko. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ̀ ń gbé."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi káséètì mìíràn ránṣẹ́, kó sọ pé àṣìṣe ni. Ó mi orí. "Bí mo bá yí ọ̀rọ̀ mi padà, wọ́n á ní o ti fi oúnjẹ dí mi lẹ́nu. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní ìtàn, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ ní etí."

Màmá Ńlá gan-an ti sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò nílé rẹ̀: "Gbé ẹ̀rọ rẹ wá. Èmi fúnra mi ni màá bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀."

Mo gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀ fún yín: mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò gbàgbé, a ó máa rán an létí, bí àwọn arúgbó mi níbi iṣẹ́. Màmá Ńlá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó dé fìlà. Ó dìde dúró níwájú ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì, bó ṣe máa ń dìde lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo ẹbí bá pàdé nínú pápá kan létí ìlú. Ọmọ rẹ̀ ṣí fìlà tirẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ pa tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ wà nínú ohun tó sọ, èmi ni mi ò ní kọ wọ́n síhìn-ín.

"Èmi nìyí," ó ní. "Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mississippi, adìyẹ díndín wà nínú páálí bàtà lórí itan mi, nítorí wọn kì í ta oúnjẹ fún wa lójú ọ̀nà. Mo bí ọmọkùnrin kan, ó yọ́ irin títí ilé irin fi lé e jáde. Ó bí ọmọkùnrin kan, ó ń gbé èrò káàkiri Chicago. Bàbá mi gbin òwú sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Bó ti wù kó kórè tó, onílẹ̀ á ní kò tíì pé. Ọdún tí òmìnira dé ni wọ́n bí ìyá bàbá mi. Òun lọmọ àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ pè ní tòun tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn. Ìyá tó bí i, Virginia ni wọ́n ti tà á, ẹsẹ̀ ni wọ́n mú un fi rìn wá sí Mississippi, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ lẹ́yìn. Orúkọ tí ẹni tó rà á fún un la mọ̀. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, a ò mọ̀. A ṣì ń wá a."

Ó jókòó. Kò kólòlò, kò ṣe hẹ́n-hẹ́n. Mo ti gbọ́ kí wọ́n ki ọba, mi ò gbọ́ èyí tó ta á yọ.

Mo na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ, ló bá dì mí lọ́wọ́ mú. "Ó ku tìẹ. Ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìwádìí ń gbà ni?"

Inú mi tún dùn, ẹ wo aṣiwèrè. Mo dìde, mo ki ara mi bí ìyá bàbá mi ṣe máa ń kì mí láràárọ̀ tí mo bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ara mi ń wú. Ohùn mi ń gbọ̀n dáadáa. Nígbà tí mo parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá Ńlá ní òun gbọ́ pé ó dùn, kí n wá sọ ohun tó wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ ẹni tó tẹ ìlú dó lẹ́bàá odò, ó dára. Ọmọ arẹwà tí ń fi ìyùn ṣeré, ó dára. Mo wá dé ibi tó máa ń wú ìyá bàbá mi lórí jù, tó máa ń tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì: *ọmọ ẹlẹ́rú bí iyanrìn, ọmọ a-fẹrú-roko-fẹrú-ṣọ́lé.*

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. N kò gbọ́ ọ rí títí di ọjọ́ yẹn. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró de èyí tó kù. Mo sì túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó fún mi ní tirẹ̀ láìbo nǹkan kan, kí ni màá fi bo tèmi?

Ẹ̀rọ ń yí. Nígbà tó yá, Màmá Ńlá ní, ohùn rẹ̀ kò sì le rárá, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà ni:

"Àwọn tó ń roko, tó ń ṣọ́lé yẹn. Ta ló ń ki tiwọn?"

Mo pa ẹ̀rọ. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní ká lọ jẹun.

Ọkọ mi ní, bí mo bá fẹ́, kí n gé apá ìparí yẹn kúrò nínú káséètì. Mo ní kò sóhun tí màá gé. Bàbá mi ní kí a wádìí, a ti wádìí. Mo fi rán obìnrin kan tó ń lọ sílé.

Ìgbà òtútù ti wọlé dáadáa kí ìdáhùn tó dé. Nínú kíṣíìnì Bàbá Kékeré ni mo ti gbọ́ ọ, òun náà jókòó tì mí. Bàbá mi wúkọ́.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ ohùn ìyá arúgbó náà. Èèyàn gidi ni. Mo ti gbọ́ pé ọkùnrin wà nílé wọn, mo sì ti bá ẹni tó yẹ kí n bá wí wí." Bàbá Kékeré wo ilẹ̀. "Ká ní ibi tí ìtàn rẹ̀ parí sí náà ló dákẹ́ sí ni, màá ní kò burú. Ẹni tí wọ́n tà kọ́ ló jẹ̀bi títà. Ṣùgbọ́n ó béèrè ọ̀rọ̀ kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ki wa nílé yìí, kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn rí. Àwọn tó mọ ìdáhùn rẹ̀ ṣì ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa títí dòní. A jọ ń kíra ni, a jọ ń sin òkú. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Mi ò lè gba ẹni tó máa ń béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àna, kó wá jókòó sí pálọ̀ mi. Mi ò gégùn-ún fún ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní rán ẹnikẹ́ni."

Ó gbàgbé láti pa ẹ̀rọ rẹ̀. Mo gbọ́ àkùkọ. Mo gbọ́ ìgbálẹ̀ tó ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa. Lẹ́yìn náà, ohùn obìnrin kan láti ọ̀ọ́kán: "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá." Bàbá mi sì dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bó ṣe ń dá a lóhùn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. "Ẹ kú àárọ̀. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ibẹ̀ ni káséètì tán sí.

Bàbá Kékeré ní àṣẹ ẹ̀gbọ́n òun ni, ọwọ́ òun kò sí níbẹ̀. Àwọn ará ìlú wa ní ẹnu Bàbá Kékeré làwọn ń wò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi, mo ní bí kò bá fẹ́ mọ́, kó sọ. Ó ní, "Mo dúró dè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo pẹ́ dé gbogbo ibùdókọ̀ tó kù lọ́jọ́ yẹn. Wọlé jàre."

Kóòtù àárín ìlú la ti ṣe é. Akọ̀wé béèrè ẹni tó máa jẹ́rìí fún ìyàwó. Mo wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹnì kan lè ti dé. Aládùúgbò òdìkejì ló jáde, ó dé fìlà ńlá kan tó ní ẹyẹ lórí. Obìnrin tó ní kò sí ọkùnrin nílé yẹn, òun náà ló fọwọ́ sí i pé mo lọ́kọ. Nígbà tó ń fọwọ́ sí i, ó yí sí mi: "Ṣé o fẹ́ kí n sọ fún wọn pé mi ò rí i rí?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo dé inú ọkọ̀ kí n tó sunkún.

A lọ ń gbé ní Park Forest, lẹ́yìn Chicago. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ ìpàdé ẹbí pé. Mo ń pín ọ̀dùnkún nígbà tí mo rí ọkọ̀ gbọọrọ kan tó ń wọ pápá náà bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bàbá Kékeré ni. Ọkọ mi ló pè é. Ó wọ súùtì eérú yẹn, ẹ gbà mí o, nínú oòrùn tó ń jó èèyàn. Aládùúgbò òdìkejì Màmá Ńlá ló kọ́kọ́ rí i. "Ọkùnrin gbogbo, ẹ sá!" ló kígbe, "Wẹ́fíà dé!" Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ìbátan ọkọ mi kan tiẹ̀ sá lóòótọ́, fún ẹ̀fẹ̀, wọ́n sá pamọ́ sẹ́yìn igi pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́.

Bàbá ọkọ mi lọ pàdé rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Èmi ni ẹni tó ń gé koríko," ó ní. Bàbá Kékeré gba ọwọ́ náà. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un ní ẹran sísun. Ó jẹ ẹ́ dáadáa.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, Màmá Ńlá dìde, ariwo sì dá. Ó sọ ti páálí bàtà, ó sọ ti irin, ó sọ ti òwú, ó sọ ti ọmọ òmìnira, ó sọ ti ìyá tí wọ́n mú fi ẹsẹ̀ rìn wá. Àwọn ọmọdé ń gbè é lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n mọ̀. Ó wá fi tọdún náà lé e:

"Ọmọ ọmọ mi, tó ń gbé èrò káàkiri Chicago, ó gbé ìyàwó láti òkè òkun. Nọ́ọ̀sì ni. Ọmọ gidi ni. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò wá."

Kò fi bú mi. Bó ṣe ń sọ tàwọn yòókù náà ló ṣe sọ ọ́: ohun tó ṣẹlẹ̀ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí àwọn ọmọdé ṣe tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń kọ́ ọ, kí wọ́n má baà gbàgbé lọ́dún tó ń bọ̀. *Àwọn èèyàn rẹ̀ kò wá.*

Bàbá Kékeré ti gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹ̀ sí mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kò wá báwo? Èmi ńkọ́? Ṣé èmi kọ́ ni mo jókòó síbí? Sọ fún un kó tún un ṣe. Sọ fún un pé mo wá."

"Ẹ wá lóòótọ́, Bàbá Kékeré," mo ní. "Bí ará wẹ́fíà lẹ ṣe wá, kì í ṣe bí èèyàn mi."

Ó wò mí. Ó mú ẹran náà padà, kò jẹ ẹ́, ó kàn ń dì í mú.